Ẹni Tó Fi Orúkọ Opó Kọ̀wé

Ohùn mọ́kànlélógójì ló sọnù láàárín Sátidé sí àárọ̀ Àtìní. Ẹni tó jí wọn kò já ilẹ̀kùn, kò fọ́ fèrèsé, kò sún àga kan kúrò láyè rẹ̀. Ohùn àwọn àgbà ìlú ló pa rẹ́, ó wá kọ ìwé lé e pé opó kan ló ṣe é.

Adéòkè ló pè mí. Òun ni ọ̀gá Ilé Ìkàwé Etí-Odò, ọmọ Owé ni láti ọ̀nà Kàbbà, kì í pariwo, kì í sunkún níṣojú èèyàn. Ṣùgbọ́n "òkun o, Ìyá" tó fi kí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ńṣe ló ń gbọ̀n bí omi inú abọ́ nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá lẹ́bàá ilé. Mo ní kó jókòó, kó mu omi, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ju ìborùn sí èjìká, mo gun ọ̀kadà, mo ń kọrin lọ. Ọlọ́kadà ní, "Mama, na wedding you dey go?" Mo ní rárá, ogun ni.

Bí ẹ kò bá mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Kàrímọ́tù, ọmọ àwọn Ìlọrin tó ti wà ní Lókòjá àtijọ́ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi. Abọ́ tánganran ni mo tà títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìwé méjì péré ni mo kà. Inú ilé ìkàwé yẹn gan-an ni mo ti wá kọ́ bí a ṣe ń so lẹ́tà pọ̀, lẹ́yìn tí mo ti ní ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá sọnù ní àdúgbò wa, èmi ni wọ́n ń wá, nítorí ẹni tó ta abọ́ fún ogójì ọdún mọ bí èyí tó sán ṣe ń dún. A kì í wo abọ́ lójú lásán. Èékánná la fi ń kàn án, a ó sì dẹtí. Bí mo ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn náà nìyẹn.

Kí n sọ ohun tí wọ́n jí. Ilé ìkàwé wa ní ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ẹnu Wa. Kì í ṣe pé wọ́n kó ìwé síbẹ̀ kí a kàn máa wò ó o. Àwa gan-an là ń kọ ọ́. Adéòkè á fi fótò àtijọ́ sí i, á bèèrè pé ta ló mọ ibí yìí. Ẹni tó mọ̀ á fèsì, ẹni tó mọ̀ jù ú lọ á tún un ṣe. Àwa tí ìka wa kò lè tẹ̀ ẹ́, a ó fi ẹnu sọ ọ́ sínú fóònù, ohùn wa á wà níbẹ̀, ọmọ Lókòjá tó wà ní Kánádà á gbọ́ ọ, á sì fèsì. Igálà ń dá Ebira lóhùn, Nupé ń tún ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe, ìlú ń pàdé nínú fóònù bí odò méjèèjì ṣe ń pàdé nísàlẹ̀ ilé wa.

Àwa mẹ́ta la ní kọ́kọ́rọ́ tó lè pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́ bí ó bá jẹ́ èébú: Adéòkè, èmi, àti Ṣàmsíátù ọ̀rẹ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ ni mo pè é, páswọ́ọ̀dù ni Adéòkè ń pè é. Nítorí pé ọpọlọ àgbà ń jò, ó ní kí oníkálùkù mú ọ̀rọ̀ kan láti inú orin tí kò lè gbàgbé láéláé. Síbẹ̀ a gbàgbé. Ló bá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ aláwọ̀ aró, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ má bá a wí. Ìfẹ́ àwa arúgbó ló sún un dé ibẹ̀.

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, mo fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èmi Ṣàmsíátù fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá sí ilé ìkàwé ní Sátidé. Mo pa àwọn ohùn yìí rẹ́ nítorí pé Adéòkè tàn wá jẹ, ó fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Kí wọ́n ti ojú ewé yìí pa."

Ojú ewé náà máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá ṣe nǹkan àti aago tó ṣe é. Ó kọ ọ́ lóòótọ́: Ṣàmsíátù, Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ìkàwé kò tilẹ̀ dúró bèèrè. Ìwé wọn ti wà lórí tábìlì pé wọ́n á jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á ti ojú ewé náà pa, Adéòkè á sì kó ẹrù rẹ̀.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Adéòkè wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí.

"Ọmọ mi," mo ní, "Ṣàmsíátù wà nínú opó."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu rẹ̀. Ó mọ̀ pé Bàbá Àlí, ọkọ Ṣàmsíátù, kú ní nǹkan bí ogójì ọjọ́ sẹ́yìn. Kò kàn rò ó dé ibẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú á jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣàmsíátù tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà kò tíì ré kọjá kọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, àwọn tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ mọ̀, ewúrẹ́ rẹ̀ mọ̀.

Nǹkan kejì tún wà níbẹ̀. Ohùn àkọ́kọ́ nínú mọ́kànlélógójì tó sọnù, ti Bàbá Àlí ni. Kò ní òmíràn láyé yìí.

Nítorí náà, mo ka ìka méjì fún Adéòkè. Ẹni tó ṣe é ti rí ìwé aláwọ̀ aró. Ẹni tó ṣe é kò mọ̀ pé Bàbá Àlí ti kú. Ó mọ orúkọ wa, kò mọ ilé wa.

Mo ní ta ló ti fojú kan ìwé náà yàtọ̀ sí òun. Ó ní mẹ́ta: Mọ́nsúrù, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ kí ìgbìmọ̀ tó lé e ní oṣù méjì sẹ́yìn, Alfred, igbákejì rẹ̀, àti Ọ̀gbẹ́ni Uwais, akọ̀wé ìgbìmọ̀, tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò. Mo ní kó pààrọ̀ gbogbo kọ́kọ́rọ́ kí n tó dìde, kó sì fún mi ní ìwé náà. Mo wé e mọ́ inú aṣọ, mo tì í bọ báàgì.

*

Láti ibẹ̀ mo gba ilé Ṣàmsíátù lọ. Ó jókòó lórí ẹní, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun ló máa ń tẹ ohùn ọkọ rẹ̀ kó gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó tẹ̀ ẹ́, kò rí nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ ló wá ka ìwé náà sí i létí.

Kò sunkún. Ó kàn ń fi àtàńpàkò nu ojú fóònù náà, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Wọ́n ní èmi ni mo pa ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì," ó ní. "N kò lè jáde lọ jà, Ìyá Kàrí. Ìwọ bá mi jà. Bá mi wá ẹ̀rín yẹn wá."

Èmi àti Ṣàmsíátù ti jọ wẹ̀ nínú odò yìí nígbà tí ọyàn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. N kò mọ bí a ṣe ń ṣèlérí ní jẹ́jẹ́. Orin ni mo fi dá a lóhùn, mo kọ ọ́ débi pé àwọn aláàkàrà gbè é níta:

*Odò méjì pàdé, wọn ò dákẹ́,*
*èyí ń pọ́n, èyí ń dú, wọn ò dákẹ́.*
*Ẹni bá ní kí n panu mọ́*
*kó kọ́kọ́ lọ pa odò lẹ́nu mọ́.*

*

Ní àárọ̀ Àtàláátà, wọ́n ti mú Mọ́nsúrù. Sájẹ́ǹtì Abdulrahman ló mú un ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe ní Natako, ó kó fóònù mọ́kànlá sórí tábìlì bí ẹni pàtẹ ẹja. Sájẹ́ǹtì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìgbìmọ̀ ti sọ fún un pé ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ni kó wò, òun náà sì rí i pé ó bọ́gbọ́n mu: ọmọkùnrin náà mọ kọ̀ǹpútà, ó mọ ìwé aláwọ̀ aró, inú sì ń bí i.

Mo ní kí Sájẹ́ǹtì jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, "Mama, you go put me for trouble o." Mo ní mo ti bí ọmọ mẹ́jọ, n kò tíì kó ìkankan sí ìjọ̀gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín, ó sún àga fún mi.

"Mọ́nsúrù, ìgbà wo lo rí Bàbá Àlí kẹ́yìn?"

Ọmọ náà wò mí bíi pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo dì mú nígbà tí a gbé e sọ̀ sínú sàréè. Ẹ̀yin náà lẹ bu omi fún mi mu nígbà tí a dé."

Mo fi èékánná kàn án, ó dún geere. Omi tí mo bù fún un, n kò gbàgbé.

Sájẹ́ǹtì ní ó lè mọ̀ kó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mo ní kó gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ mọ́ èèyàn, irọ́ tí wọ́n á gbà gbọ́ ló ń wá. Mọ́nsúrù mọ̀ pé obìnrin yìí kò lè rìn jáde, ó sì mọ̀ pé gbogbo àdúgbò mọ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, á kọ ọ́ pé ilé ni Ṣàmsíátù wà tó fi fóònù ṣe é. Kò sí ohun tó máa mú un fi ẹsẹ̀ opó rìn wọ ìlú.

Sájẹ́ǹtì fi bírò họ imú. Ó ní òun á dá ọmọ náà sílẹ̀ kó máa lọ ilé, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Jímọ̀ bá pé tí òun kò ní ẹlòmíràn, òun á tún lọ mú un. Mo ní ìyẹn tó fún mi.

*

Alfred ló kù àti Uwais. Kí n má purọ́, Alfred ni mo fẹ́ kó jẹ́. Ọmọ Yàgbà ni, ó le bí ìdí ìkòkò, ó sì ti ń wo àga Adéòkè láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń to ìwé, mo sì kàn án gbàù: mo ní wọ́n ní ó ń fẹ́ àga ọ̀gá rẹ̀.

"Mo ń fẹ́ ẹ, Ìyá, n kò sẹ́," ó ní, kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ilé ṣì wà lórí àga náà nígbà tí mo bá jókòó."

Mo bi í bóyá ó mọ Ṣàmsíátù. Ó ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú lòun lọ kí i kú ará fẹ́raakù, òun mú ṣúgà dání, wọ́n tẹ́ ẹní fún òun, ẹsẹ̀ òun tó ń dun òun kò sì jẹ́ kí òun lè dìde mọ́ títí ọmọ ilé fi fà òun lọ́wọ́. Mo pe Ṣàmsíátù lórí fóònù níṣojú rẹ̀. Kí n tó bèèrè tán, ó ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, àkọ́kọ́ láti àná: ó ní àwọn méjì ló fa ọkùnrin náà dìde, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ẹnì kẹta.

Geere lèyí náà dún. Ó dùn mí díẹ̀ o. Kò sí ohun tó ń dun ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó kí ẹni tí kò fẹ́ràn jẹ́ olóòótọ́.

Alfred ló wá bi mí ní ohun tó yẹ kí n ti bi ara mi. Ó ní ohùn tó wà lójú ewé náà lé ní igba, kí ló dé tó jẹ́ mọ́kànlélógójì ni olè mú? Ó ní òun ti wò ó. Abẹ́ fótò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, fótò ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kàwé lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Àlí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ìdílé ṣe yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún àwọn ọmọ láti máa kàwé, tí wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí i. Wọn kò kọ ọ́ síbì kan. Ẹnu ni wọ́n fi ṣe é, ẹnu náà ló kù.

Ó fà mí lọ sí fèrèsé ẹ̀yìn. Èèkàn tuntun ló wà nínú ọgbà náà, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ wọn lórí, ọ̀kan wà nídìí máńgòrò gan-an. Mo ní ta ló kàn án mọ́lẹ̀. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Uwais ló kó àwọn tó wọn ilẹ̀ wá, ó ní nítorí omi òjò ni.

"Alfred," mo ní, "látìgbà wo ni omi òjò ti ń so aṣọ pupa?"

*

Ní Àlàrùbá, kí n tó lọ sí ilé Uwais, mo kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ Sájẹ́ǹtì. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ìwé aláwọ̀ aró: orúkọ, Nàbílà, kọ́kọ́rọ́, kòléyín. Ó bi mí pé ta ló ń jẹ́ Nàbílà. Mo sọ ọ́ sí i létí. Ó gbé orí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣubú. Adéòkè fún orúkọ náà ní àyè lójú ewé wa bí ẹnì kẹrin tó ní kọ́kọ́rọ́ ńlá. Àwa mẹ́ta nìkan la mọ̀.

Felele ni Uwais ń gbé, níbi tí ilé tuntun ti ń hù bí olú lọ́nà Àbújá. Láti ibẹ̀ ló ń wakọ̀ wá sí ìpàdé, láti ìpàdé ló ń wakọ̀ padà, fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀. Ó gbà mí dáadáa, n kò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó fún mi lómi tútù. Ó ní òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní ó dun òun, ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ibẹ̀ pa, kí ẹ lọ sinmi."

Mo ní ó káre. Mo ṣe bí arúgbó tí kò mọ ọ̀tún mọ́ òsì. Mo wá fi èékánná kàn án: mo ní ṣé ó ti fojú kan Ṣàmsíátù láìpẹ́ yìí, pé ọkàn mi kò balẹ̀ nípa rẹ̀.

"Mo rí wọn níjọ́sí, òun àti bàbá," ó ní, kò ronú. "Ara wọn le dáadáa."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ bí abọ́ náà ṣe sán. Ara Bàbá Àlí le dáadáa, nínú sàréè. Mo bojú wo ilẹ̀ kó má baà rí ojú mi.

Mo mú ìwé aláwọ̀ aró jáde. Mo ní Adéòkè ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, mo ní àgbàlagbà obìnrin tuntun kan ti dara pọ̀ mọ́ wa tó mọ ọ̀rọ̀ ọgbà yẹn ju gbogbo wa lọ, Nàbílà lórúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì wà lójú ewé lọ́la kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Mo ní ojú mi kò ríran dáadáa, kó bá mi wò ó bóyá wọ́n kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dáadáa, mo sì fi ọwọ́ bo àwọn ìlà tó kù. Ó gba ìwé náà, ó ní kí n fara balẹ̀, ó wọ yàrá lọ láti mú awò ojú. Nígbà tó padà, awò wà lójú rẹ̀, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n kọ ọ́ dáadáa.

Ìwé náà kò sùn ní ọwọ́ mi. Ọ̀dọ̀ Sájẹ́ǹtì ni mo gbé e lọ, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

*

Kí a tó fi pańpẹ́ náà lélẹ̀, a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn. Mo ní kí Adéòkè kọ ọ́ sí ojú ewé, kó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù tó bá mọ̀: ẹni tó bá ti fi ọ̀kan nínú àwọn ohùn wọ̀nyí ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí, kó dá a padà fún wa. Olè gbàgbé nǹkan kan nípa wa. Kò sí ohun tí a gbọ́ tó dùn tí a kì í fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọ̀kan dé láti Agbaja, níbi tí ẹni tó fi ránṣẹ́ ti ní láti gun orí àpáta kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Méje dé láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Kánádà. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, mẹ́tàdínlógójì ti padà. Ti Bàbá Àlí kò sí nínú wọn.

Láàárọ̀ Àlàmísì kan náà, ní aago mẹ́jọ, Adéòkè fi ohùn Nàbílà sí abẹ́ fótò ọgbà. Àwa mẹ́ta jókòó ti kọ̀ǹpútà, Sájẹ́ǹtì ń jẹ ẹ̀pà. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí ohùn náà fi pòórá lójú wa. Ìwé kan yọ láyè rẹ̀:

"Èmi Nàbílà, arúgbó aláìlágbára. Adéòkè ló kọ́ mi ní ohun tí mo sọ nípa ọgbà. Mo ti pa á rẹ́ fúnra mi."

Sájẹ́ǹtì nu ọwọ́ rẹ̀. "Oya," ó ní.

*

Jímọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Yàrá ìkàwé kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn aláàkàrà wà níbẹ̀, Mọ́nsúrù wà níbẹ̀, Alfred gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lé àpótí. Màmá Sarah, ọ̀gá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ìgbìmọ̀. Obìnrin tí kì í gba ìsọkúsọ ni.

Uwais dìde, ó ka ìwé tí wọ́n ní Ṣàmsíátù kọ. Ó tún ní bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, àgbà obìnrin mìíràn ti tún kọ ọ́ lánàá, Nàbílà lórúkọ rẹ̀. Ó kà á pẹ̀lú, ó fi àánú kà á, ẹ̀yin ì bá sunkún. Ó ní àwọn ìyá wa ti jìyà tó lọ́wọ́ ojú ewé yìí.

Mo ní kí alága jọ̀ọ́, ṣé Nàbílà lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó ti dé. Màmá Sarah ní kó bọ́ síwájú.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo tú ọ̀já lẹ́yìn mi. Mo gbé ọmọ tí ọmọ-ọmọ mi Nímátù bí sórí tábìlì ìgbìmọ̀, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ kejì tí a sin Bàbá Àlí, tó sì pé ogójì ọjọ́ ní ìdájí àná. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ń jáde nílé nìyẹn. Ó na ẹsẹ̀, ó yán, ó tọ̀ sórí ìwé ẹ̀sùn.

*Nàbílà kò léyín lẹ́nu, ó lóhùn,*
*ogójì ọjọ́ láyé, ó lóhùn.*
*Wọ́n ní arúgbó ni, ẹ wò ó o,*
*ẹni tó kọ̀wé fún un kò kí i kú àbọ̀ rí.*

Yàrá náà gba orin náà lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, Adéòkè tẹ ohùn tí wọ́n pa rẹ́ láàárọ̀ àná, ó ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, ẹkún ọmọ ni. Ká ní Uwais tẹ́tí sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú akàn péré, kì bá tí kó sínú pańpẹ́. Kò tẹ́tí sí i. Kò tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni nínú wa rí.

Uwais ní awàdà ni, ó ní ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Sájẹ́ǹtì dìde láti ẹ̀yìn. Ó ṣàlàyé ní jẹ́jẹ́ pé ọwọ́ òun ló kọ ìlà náà, pé ẹnì kan ṣoṣo ni Ìyá Kàrímọ́tù fi hàn, pé láti ìrọ̀lẹ́ náà ìwé wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù òun. Ó wá bèèrè fóònù. Màmá Sarah na ọwọ́ pẹ̀lú, bí ó ṣe máa ń gba róbó lọ́wọ́ ọmọ nínú kíláàsì. Uwais fún un.

Fótò méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan, gbogbo ojú ìwé aláwọ̀ aró, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìkejì, ìlà Nàbílà, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé Sájẹ́ǹtì tó wọ́ bí ìgbín. Wọ́n tún rí ọ̀rọ̀ tó ń bá àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo sí ọgbà wa sọ: ó ní kí wọ́n ní sùúrù, àwọn arúgbó yẹn á dákẹ́ láìpẹ́.

Màmá Sarah kà á síta. Lẹ́yìn náà ó yọ awò rẹ̀, ó wò wá.

"Ojú ewé náà kò ní tì," ó ní. "Adéòkè, jókòó sáyè rẹ. Sájẹ́ǹtì, iṣẹ́ rẹ ló kù."

Bí Uwais ṣe ń bá Sájẹ́ǹtì jáde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun kò mọ̀ pé bàbá náà ti kú. Mo ní mo mọ̀ pé kò mọ̀. Ohun tí mo fi mú un nìyẹn.

Àwa náà jáde sí ọgbà. Alfred ló kọ́kọ́ fa èèkàn tu, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Àwọn aláàkàrà tu ìyókù, wọ́n mú wọn lọ dáná.

Ṣùgbọ́n inú mi kò tíì dùn tán. N kò tíì rí ẹ̀rín náà. Mo jókòó sídìí máńgòrò, Nàbílà wà láyà mi, mo ń ro ohun tí n ó sọ fún Ṣàmsíátù. Ibẹ̀ ni obìnrin Igálà kan ti bá mi, Comfort, tó ń ta ẹja gbígbẹ létí odò. Òun kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀. Ó ní ẹnì kan fi ohùn bàbá kan ránṣẹ́ sí òun nígbà kan, òun kò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń rẹ́rìn-ín dùn mọ́ òun nínú, òun kò lè pa á rẹ́. "Na dis one una dey find?"

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má kọ́lé síbẹ̀ o," Bàbá Àlí ní. "Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí la fún. Bí ẹ bá kọ́lé síbẹ̀, n ó jí dìde, n ó wá jókòó sí pálọ̀ yín." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀fun bí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dún.

N kò gbé e lọ sójú ewé. Mo ní kí Comfort fi í ránṣẹ́ sí fóònù kan tó wà lórí itan obìnrin kan ní Lókòjá àtijọ́. A dúró. Adéòkè gbé kọ̀ǹpútà jáde sábẹ́ igi, gbogbo wa ń wo ojú rẹ̀. Títí di òní, ohùn mẹ́ta kò tíì padà, a ṣì ń wá wọn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Jímọ̀ náà, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, nǹkan kan yọ lábẹ́ fótò ọgbà, mo sì fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ fúnra mi, ẹnikẹ́ni kò bá mi kà á: ohùn Bàbá Àlí. Ẹni tó fi í sí i: Ṣàmsíátù. Jímọ̀, aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kò jáde nílé.